Àwọn Tí Wọ́n Ń Dúró De Bọ́dìn, àti Ìmọ̀ràn Tó Tọ́ Sí Wọn

Ìdánwò Common Entrance ti ìjọba àpapọ̀ ni ọmọ Èkìtì fi ń wọ ilé ìwé Unity, ìbáà jẹ́ ti àwọn obìnrin ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ti Àkúrẹ́ tàbí Ìdóàní ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tàbí King's College ní Èkó fún ẹni tí ojú rẹ̀ ga. Àjọ NECO, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Minna, ló ń ṣe ìdánwò náà. Ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Àbújá ló ń yan ọmọ. Àárín Minna àti Àbújá yìí ni ọkàn òbí máa ń há sí. Ọmọ tó ṣe ìdánwò ti padà sídìí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Òbí ni kò rí oorun sùn. Lẹ́tà tó wá sọ́dọ̀ wa láti Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń béèrè ìgbà tí èsì máa jáde. Ìdáhùn gbogbo wọn ni pé ọjọ́ tó bá jáde ló máa jáde. Kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kan, kí a lè dá àwọn tó kù lóhùn.

Bàbá kan ní Òkèsà ti ra bọ́kẹ́ẹ̀tì, mátíràsì, àpótí irin, àgádágodo méjì, gàrí, mílíìkì àti Milo lọ́jà Ọba, èsì kò sì tíì jáde. Owó tó ná kò dùn ún. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé Milo ń lọ sílẹ̀ nínú agolo lálaalẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti ń wò ó níwòkuwò. Kò sí òfin tó ní kí Milo wọ bọ́dìn láìjẹ́ pé àgbàlagbà tọ́ ọ wò. Àyẹ̀wò ni bàbá ń ṣe, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ ketekete bí wọ́n bá ká a mọ́ ìdí agolo lóru. Àgádágodo méjèèjì náà níṣẹ́: kí ó fi ọ̀kan ti àpótí, kí ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ìyàwó, kí ó fi èkejì ti ẹnu ara rẹ̀, nítorí lẹ́tà yìí kan náà jẹ́wọ́ pé ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ti wọlé.

Ìyá kan ní Ìjígbò béèrè bóyá kí òun lọ gbàdúrà ni, tàbí kí òun lọ fojú gánní ilé ìwé tí ọmọbìnrin òun yàn ní Ẹ̀fọ̀n. Orí ìyá yìí dára. Ẹ̀fọ̀n náà ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959, tí ọmọ ìjọ rẹ̀ ṣì ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbàdúrà láti ọ̀nà jíjìn. Owó ọkọ̀ kan, iṣẹ́ méjì. Kí màmá gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àrámọkọ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá dé ẹnu géètì ilé ìwé, kí ó rántí pé aṣọ́nà kò mọ èsì. Owó tó bá fi lé e lọ́wọ́ kí ó lè bá a wò ó, sàráà ni.

Tọkọtaya kan sì ń jà. Ọkọ jẹ́ ọmọ Christ's School àtijọ́ ní Adó. Ó ní orí òkè Agídímọ̀ tí ilé ìwé náà wà ni ọmọkùnrin òun ń lọ, Common Entrance kan kò kàn án. Ìyàwó fẹ́ Ìdóàní. Ọkọ kì í jiyàn kí ó má bẹ̀rẹ̀ láti 1933 tí Àlùfáà Henry Dallimore dá ilé ìwé náà sílẹ̀, yóò sì gba ọ̀dọ̀ 1936 tí wọ́n kó lọ sórí òkè, kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ìyàwó ní wọ́n ń pe Dallimore nínú ilé òun ju bí wọ́n ti ń pe òun lọ. Ó hàn pé ọkọ gan-an ni bọ́dìn ń wù. Kí wọ́n wọ́n aṣọ ilé ìwé fún un, kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún Ìdóàní.

Ẹni tó kọ̀wé pé òun rí ọkùnrin kan tó "mọ èèyàn ní Àbújá," kí ó bi ọkùnrin náà ní ilé ìwé tí ọmọ tirẹ̀ ń lọ. Kí ó di àpò rẹ̀ mú títí ìdáhùn yóò fi dé.

Lẹ́tà kan wà tí kò ṣeé fi ṣeré. Ìyá àgbà kan ní Ìkẹ̀rẹ́ ló ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò jẹun dáadáa mọ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti sọ pé bí orúkọ rẹ̀ kò bá jáde, kí ó má pe òun ní bàbá mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó bi ìyá àgbà bóyá àyè wà fún òun nílé rẹ̀. Bàbá ni ìdáhùn yìí wà fún. Máàkì nìkan kọ́ ló ń mú ọmọ wọ ilé ìwé Unity. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá àti àyè tó ṣí sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 2013, máàkì tí ọmọkùnrin Anámbra gbọ́dọ̀ gbà jẹ́ 139, ti ọmọkùnrin Zamfara sì jẹ́ 4. Ètò tó rí báyìí kò lè sọ fún bàbá bí orí ọmọ rẹ̀ ti pé tó. Agbẹjọ́rò àgbà Afẹ́ Babalọlá kò wọ ilé ìwé girama kankan lẹ́yìn Emmanuel School ní Adó; inú ilé ló ti kàwé fúnra rẹ̀ títí ó fi gboyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó yìí kan náà ní 2009. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò nílò kí ó di Afẹ́ Babalọlá kí bàbá rẹ̀ tó gbà á lọ́mọ. Kí bàbá pè é lónìí, kí ó bẹ̀ ẹ́, kí ó sọ fún un pé ilé rẹ̀ nilé yìí. Bí ó bá dúró di ìgbà tí èsì bá jáde, ọmọ yóò rò pé èsì ló ra ìfẹ́ náà fún òun. Bí oúnjẹ àti oorun kò bá sì padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n mú un lọ rí dókítà.

Àbúrò bàbá kan ní Ìyìn ń béèrè bí òun ṣe lè yọ ara òun nínú ríra ẹrù bọ́dìn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Kò lè yọ. Ohun tó lè ṣe ni kí ó tètè sáré lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹlòmíràn tó mú un. Ẹni tó bá pẹ́ dé ni wọ́n máa ń gbé mátíràsì fún.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èsì ti ń jáde, nọ́ńbà ìdánwò ọmọ ni wọ́n sì fi ń wò ó. Orúkọ tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ lè wà nínú àfikún. Òbí tí kò bá mọ ibi tí ó tọ́jú nọ́ńbà náà sí, kí ó dìde lọ wá a kí ó tó kọ lẹ́tà mìíràn.