Ẹni Tó Débi Ìran Tí Kò Rí I

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbà á lẹ́nu àgbà. Àwọn tó pa òwe náà kò kàn lérò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èèyàn yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débi ìran, tí yóò dúró gangan níbẹ̀, síbẹ̀ tó jẹ́ ìgbà tó bá délé ni yóò tó wò ó nínú fóònù.

Ẹ ya Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó lọ́sàn-án ọjọ́ ayẹyẹ ìgboro Fàńtí, lásìkò Ọdún Àjíǹde. Gbàgede Campos kún, òpópónà Bámgbóṣé ò gbẹsẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ti wọ aṣọ mèremère, fèrè ń han, ìlù ń dáhùn. Ta ló ń jó? Àwọn tó ni ọdún nìkan. Ọwọ́ àlejò ò ráyè, fóònù ló wà níbẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò tilẹ̀ rí Fàńtí, ẹ̀yìn fóònù ẹni iwájú ló ń yà, yóò sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù: "O ò bá wà níbí!" Ó fojú ba ìran, ìròyìn ló gbé lọ sílé.

Èyí tó gbé kámẹ́rà ńlá kọ́rùn ló tún burú jù. Òun kì í ṣe oníṣẹ́ fóònù o. Ayàwòrán ìgboro ni, ojúlówó ayé ló ń wá. Ó rí ìyá arúgbó kan lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Mà, ẹ má wò mí. Ẹ ṣe bí ẹni pé n ò sí níbí."

Ìyá wò ó látòkè délẹ̀. "O ò tíì kí mi, ọmọ mi. Ìgbà wo lo dé tí n ó fi ṣe bí ẹni pé o ò sí?"

Tó bá jẹ́ èmi ni, ibẹ̀ ni n bá ti ká kámẹ́rà mi nílẹ̀.

Ilé tó wà lẹ́yìn ìyá ló ń fà á lójú: irú èyí tí bírikìlà àti káfíńtà Àgùdà, àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ní Brazil àti Cuba tí wọ́n padà wá, kọ́ fún Èkó, tí wọ́n fi símẹ́ǹtì ṣe òdòdó yí fèrèsé ká. Ọwọ́ wọn náà ló kọ́ Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹni tó bá ní a ò fẹ́ràn ilé wọ̀nyí, irọ́ ló ń pa. A fẹ́ràn Ilojo Bar náà. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, lẹ́bàá gbàgede Tinúbú. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Fótò rẹ̀ kún íntánẹ́ẹ̀tì dòní: apá ọ̀tún, apá òsì, àti àlàpà. Bí fótò bá jẹ́ òpó ni, ilé náà ì bá ṣì wà lórí ìdúró.

Wọ́n sá aṣọ kan sójú fèrèsé òkè ilé ìyá. Ayàwòrán nawọ́ sókè sí ọkùnrin kan níbẹ̀: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká aṣọ yẹn, ó ń ba ilé jẹ́."

Ọkùnrin náà ní kò sí wàhálà, òun á ká a, ṣùgbọ́n kí ọ̀gá dákun bá wọn fi nǹkan kún owó páànù. Òrùlé ti ń jò láti èṣí.

Ọ̀gá tẹjú mọ́ ojú kámẹ́rà, ó wò ó síwá sẹ́yìn. "Òrùlé?" ó ní. "Kò sí nínú tèmi."