Ohùn Márùn-ún Nílẹ̀ Olóhùn Méje

Ohùn márùn-ún péré ni mo gbé dé Kumasi, mo sì gbà pé wọ́n tó mi jẹun. Orí fóònù ni mo ti kọ́ wọn. Òyìnbó kan nínú fídíò ló ní kí n fi ìka ìlábẹ̀ sí irin karùn-ún lọ́rùn gìtá, kí ọmọńdinrín dúró ní ìkẹjọ, kí n máa ta á láti okùn dé okùn. Ó ní A minor pentatonic ni wọ́n ń pe síkéèlì náà, àti pé kíì yòówù kí orin wà, kí n kàn ti ọwọ́ síwájú tàbí kí n fà á sẹ́yìn ni. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo fi pa á. Kí ni mo tún fẹ́ gbọ́?

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó já irọ́ mi. C ni a fi ń kọ gbogbo orin níbẹ̀, ohùn inú A minor pentatonic àti ti C major pentatonic kò sì yàtọ̀: A, C, D, E àti G ló wà nínú méjèèjì. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé irin karùn-ún dùn. Orin ilẹ̀ wa náà tún gbè mí lẹ́yìn, nítorí dò, rè, mí, sọ́ àti là ló ń gbé ọ̀pọ̀ orin Yorùbá rìn. Fà àti tì kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú. Àwọn méjì tó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ náà nìyẹn: fà fara ti mí pẹ́kípẹ́kí, tì fara ti dò. Ẹni tó bá ti lé wọn síta lè máa sáré kiri lórí gìtá láìkọsẹ̀. Mo sáré gan-an. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń pè mí ní ọ̀gá.

Àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ ní Alabar ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Alabar ò jìnnà sí Kejetia. Yorùbá, Hausa àti Twi ni wọ́n fi ń nájà níbẹ̀, nígbà mìíràn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa ni àwọn àgbàlagbà kan ti máa ń kóra jọ lálẹ́ láti ṣeré highlife. Ọmọ Asante ni olórí wọn, Wòfá ni gbogbo wa ń pè é, ṣùgbọ́n Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán ju tèmi lọ. Àárín àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ló dàgbà sí, kó tó di pé ìjọba Busia pàṣẹ ní November 1969 pé kí àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní nígbà tí oṣù náà fi máa parí, kò sẹ́ni tí òun lè bá sọ Yorùbá mọ́ ní ojúlé òun. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta gìtá ti dé, kò tiẹ̀ dán mi wò. Ó gbé gìtá lé mi lọ́wọ́, ó ní bí orin bá dé àárín, kí n dá ta tèmi.

Mo bi í pé kíì wo ni, sà.

"A ni."

A ni wọ́n ń pe síkéèlì mi, A ni wọ́n ń pe orin wọn; kí ló tún kù? Mo fìka lé irin karùn-ún, mo kó sí i.

Nínú kọ́ọ̀dù A tí wọ́n ń ta, C sharp ló wà níbẹ̀. C lásán ni tèmi. Irin kan péré ló là wọ́n láàárín, irin kan ọ̀hún ló sì sọ orin ìgbéyàwó di ìdárò. Èmi ò tètè fura, torí mo ti dijú bí mo ṣe máa ń rí i tí àwọn gbajúmọ̀ ń ṣe. Ìgbà tí mo máa lajú, èmi nìkan ló ń ta. Wòfá wá na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn gìtá mi.

"Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, sà.

"Kí wá lò ń sunkún sí?"

Ó di ọwọ́ mi mú, ó fà á sẹ́yìn ní irin mẹ́ta, ìka ìlábẹ̀ mi sì bọ́ sí irin kejì. Bí ìka ṣe tò kò yí padà rárá, àmọ́ C sharp ti wọlé, orin ti túra ká. F sharp minor pentatonic ni òyìnbó inú fóònù ìbá pè é. A major pentatonic náà ni. Wòfá ní ibi tí dò jókòó sí ni kí n máa wá, kí n yé tẹ̀ lé orúkọ.

Irin mẹ́ta sẹ́yìn lèmi gbọ́. Mo sọ ọ́ di òfin.

Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í múra orin òkú. Ìsìnkú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílẹ̀ Asante: aṣọ dúdú àti pupa á kún ojú agbo, ẹgbẹ́ olórin tó bá sì lórúkọ kì í ráyè sinmi ní Sátidé. Wòfá ní A minor ni. Èmi tí mo ti gbọ́n, mo gbọ́ A, n kò dúró gbọ́ minor. Mo fà á sẹ́yìn ní irin mẹ́ta. Àwọn tó kù ń ṣọ̀fọ̀, èmi ń jó bí ẹni tí wọ́n pín ogún fún. Àtẹ́lẹwọ́ ọjọ́sí tún dé.

"Òkú ti jí ni?"

Gbogbo èyí ṣì kéré sí ti Yaa Amponsah. Orin yìí ni Kwame Asare àti àwọn Kumasi Trio gbé sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1928 (ọmọ Fante ni wọ́n o, orúkọ Kumasi ni wọ́n kàn ń jẹ́), kò sì sí ẹni tó máa pe ara rẹ̀ ní onígìtá ní Gánà tí kò ní mọ̀ ọ́n ta. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ nìkan ni Wòfá fi ń ta á: àtàǹpàkò ń rìn lórí okùn ńlá, ìlábẹ̀ ń dá a lóhùn lórí okùn kékeré. Obìnrin méjì ló ń kọ ọ́. Ó ní kí n máa fi gìtá gbè fún ìyá àgbà tó ń lé e, ní ohùn kẹta sókè.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìlú olóhùn méje ni mo wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. H. Kwabena Nketia, ọmọ Mampong nílẹ̀ Asante níbẹ̀, ti ṣàlàyé rẹ̀ tipẹ́ pé ohùn méje ni àwọn Akan fi ń kọrin, wọ́n sì máa ń gbè é ní ẹlẹ́kẹta-ẹlẹ́kẹta. Bí ẹnì kan bá wà ní dò, ẹnì kejì á wà ní mí. Bí ti àkọ́kọ́ bá gun rè, èkejì gbọ́dọ̀ gun fà. Ìyá wa kọ dò, mo fi mí gbè é, ó dùn. Ó gun rè. Mo wá fà, n kò rí i. Nínú gbogbo àpótí ohùn márùn-ún mi, kò sí fà. Mo fi mí gbè é, ó dún bí ìjà. Mo fo sí sọ́, ó dún bí ẹni tó ti kúrò nílé. Kí n tó dúró, ó ti dé sọ́, ó ń retí tì lọ́wọ́ mi. Là àti dò ni mo ní. Mo ta méjèèjì pọ̀, bóyá tì á wà láàárín wọn.

Ìyá náà dá orin dúró, ó sọ̀rọ̀ ní Twi, ilé bú sẹ́rìn-ín. Wòfá túmọ̀ rẹ̀ fún mi (ọmọ Nàìjíríà ni Alatani lẹ́nu wọn): "Ó ní, Alatani, ṣé kò sí fà ní Nàìjíríà ni?"

Àbúrò bàbá mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù gbọ́. Oníṣòwò ni, kò mọ nǹkan kan nípa gìtá. Ó kígbe wọlé pé èló ni wọ́n ń ta fà, pé òun á san án.

Wòfá fi sùúrù kọ́ mi ní síkéèlì major gidi, ohùn méjèèje, kíì lẹ́yìn kíì. Ó mú F, ó fi B flat hàn mí; ó mú G, ó fi F sharp hàn mí. Mo gbọ́n díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọ Yorùbá kan bímọ ní Alabar, wọ́n sì pè wá síbi ìsọmọlórúkọ.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń fọn trumpet bá wa lọ. Ó yíjú sí wa, ó ní "C". Ẹ wo C, kíì ilé bàbá mi! Mo kó sí i tìgboyà-tìgboyà. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé bí afọntrumpet bá pe C tirẹ̀, B flat ló ń jáde lẹ́nu fèrè. Gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀, wọ́n ti bọ́ sí B flat. Èmi nìkan ló fi odidi ohùn kan ga jù wọ́n lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó yé mi pé ẹnì kan ń ṣì í. Mo rò pé àwọn ni, mo bá yí ẹ̀rọ agbóhùnsókè mi sókè kí wọ́n lè gbọ́ òótọ́.

Àwọn ìyá wa tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ dìde, wọ́n ń lẹ sídì mọ́ mi níwájú orí. Mo ní kí Wòfá wò ó, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀.

"Wọ́n ń bẹ̀ ọ́ ni," ó ní.

Láti ìgbà náà, ẹni yòówù tó bá pe kíì fún mi, mo máa ń bi í pé, "C tìrẹ ni àbí C tèmi?" Wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Láìpẹ́ yìí ni ọmọkùnrin kan tó ń tẹ dùùrù dara pọ̀ mọ́ wa, ọwọ́ rẹ̀ yá, gbogbo orin ló ń pè ní C. Mo bi í ní ìbéèrè mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yára fi àtàǹpàkò bo ojú kékeré tó ń tàn lára dùùrù, àmọ́ mo ti rí i: Transpose, +3. E flat la wà, ọmọ yìí ò sì mọ kíì méjì. Mo ti àpótí mi láti irin karùn-ún lọ sí ìkẹjọ, ó bọ́ sí i wẹ́kú.

Ó rọra bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Wòfá. Mo ní wààkyé ni mo máa ń jẹ lálẹ́, kó má gbàgbé ẹyin.