Oríkì Owó-Orí Ilé, Àlejò Tí Í Bá Onílé Pín Òrùlé

Bí ó bá jẹ́ pé ìlù ni wọ́n fi ń mọ ọlọ́lá, ó yẹ kí dùndún máa dún ní ẹnu-ọ̀nà ilé-ẹjọ́ gbogbo kaúńtì 254 tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Texas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti kí owó-orí ilé, Àìkanbíríkì-gbowó-ilé, ọmọ Ọ̀jẹ-níbi-tí-kò-gbìn. Kaúńtì ni ẹ̀ka ìjọba tí ó fẹ́ jọ ìjọba ìbílẹ̀. Owó-orí ilé sì ni owó tí ẹni tí ó ní ilé tàbí ilẹ̀ ń san lọ́dọọdún lórí iye tí wọ́n bá sọ pé ohun ìní rẹ̀ tó, yálà ó pawó lórí rẹ̀ tàbí kò pa kọ́bọ̀. Àwọn Yorùbá tí wọ́n sọ ohun tí ìjọba ń gbà ní owó-orí, orí ènìyàn ni wọ́n rí tí wọ́n ń kà. Ti Texas fo orí dá, ó lọ bà sí òrùlé.

Ọlọ́lá yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí wọ́n bu owó-orí lé owó-oṣù ènìyàn, nítorí náà ẹrù ọ̀nà, ọlọ́pàá àti ilé-ìwé já lé e léjìká, ilé-ìwé ló sì sábà máa ń kó èyí tí ó pọ̀ jù. Ọkọ̀ tí ń gbé ọmọ àgbẹ̀ lọ kàwé kì í kúkú mu omi.

Ní ti ojú, ó ríran ju aríran lọ. Ọ́fíìsì ìdíyelé, èyí tí ń sọ iye tí ilé kọ̀ọ̀kan tó bí ó ti rí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, lè rí góòlù nínú ilé pákó tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Bí ará ìlú ńlá bá wá fi owó gọbọi ra oko kan létí ọ̀nà, arúgbó tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì ti di olówó lórí ìwé nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan lé e lọ́wọ́. Lóòótọ́, òfin kò jẹ́ kí iye tí wọ́n ń bu owó-orí lé lórí ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé fò ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún kan. Irú ọ̀wọ̀ tí kìnnìún ń bọ̀ fún ẹtu nìyẹn, pé díẹ̀díẹ̀ ni òun yóò jẹ ẹ́.

Aláàánú sì ni, pàápàá sí kòkòrò. Ilẹ̀ oko ní ìdíyelé tirẹ̀, tí wọ́n ń wo ohun tí ilẹ̀ náà lè mú jáde dípò iye tí ọjà lè rà á, tí ó sì máa ń kéré jọjọ. Láti ọdún 2012 ni òfin ti ka oyin sísìn mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò dín ní éékà 5, tí kò sì ju 20 lọ, bí wọ́n bá ti ń dáko níbẹ̀ fún ọdún 5 nínú ọdún 7. Báyìí ni agbẹjọ́rò tí kò gbé ọkọ́ rí fi ń gbé àpótí oyin sí ẹ̀yìnkùlé, tí ó ń di àgbẹ̀ lójú òfin, nígbà tí opó tí ó ní yàrá méjì lórí ìdajì éékà ń san owó ọjà. Ọ̀gá jẹ oyin, opó gba ìtani.

Àìgbàgbé-ọjọ́ ni oríkì rẹ̀ mìíràn. Ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni gbèdéke. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, ìtanràn àti èlé ìdá 7 ti gun gbèsè lórí, tí ó bá sì di oṣù Agẹmọ, owó agbẹjọ́rò tí ó lè tó ìdá 20 a tún fò mọ́ ọn. Ẹni tí kò san rárá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n máa ń gbé ilé rẹ̀ ṣe gbàǹjo. Bí ó bá jẹ́ ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé, ọlọ́lá náà ṣì fún un ní ọdún 2 láti rà á padà, pẹ̀lú ìdá 25 lérí lọ́dún kìn-ín-ní, tàbí 50 lọ́dún kejì.

Ẹni tí ìwé ìdíyelé bá kàn lára ní oṣù Igbe ní, ó kéré tán, títí di ọjọ́ 15 oṣù Èbìbí láti takò ó. Wọn kì í gba owó fún ìtakò náà, fọ́tò òrùlé tí ń jò sì jẹ́ ẹ̀rí.