Bàbá Mo-Ti-Mọ̀-Tẹ́lẹ̀

Kò sí adájọ́ tí wọn yóò yàn láti Adó-Èkìtì títí dé Àbújá tí Bàbá Mo-Ti-Mọ̀-Tẹ́lẹ̀ kò ní gbọ́ ṣáájú ẹni tí wọ́n fẹ́ yàn. Kì í ṣe lọ́yà o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó dé kóòtù, ẹjọ́ ààlà oko ló gbé e débẹ̀, ó sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n tó bá ti fa àga jókòó níbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì ní Ìgbẹmọ, ìpàdé NJC, ìgbìmọ̀ tó ń dábàá orúkọ àwọn adájọ́, ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí orúkọ kan bá jáde, á ní ìdẹ ni, ojúlówó orúkọ ṣì wà lápò agbádá gómìnà. Bí wọ́n bá yọ orúkọ náà kúrò, "Ṣé ẹ rí i?" Bí wọn ò bá yọ ọ́, á ní torí pé òun ti tú àṣírí wọn ni wọ́n fi pa ọgbọ́n dà. Ọjọ́ kejì ìròyìn ni àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń dé.

Mo la òfin yé e lọ́jọ́ kan: "Bàbá, NJC ló ń dábàá orúkọ, gómìnà á yàn án, tó bá jẹ́ Adájọ́ Àgbà, ilé aṣòfin á fọwọ́ sí i."

"Ọmọ mi, 2006 ńkọ́?"

Ẹnu mi wọhò. Lọ́dún yẹn, ìgbìmọ̀ tí Kayode Bamisile, Adájọ́ Àgbà Èkìtì, gbé kalẹ̀ láti wádìí Gómìnà Fayose ní kò jẹ̀bi. Àwọn aṣòfin Èkìtì ní kí Bamisile lọ rọ́kún nílé, wọ́n fi Jide Aladejana rọ́pò rẹ̀, ìgbìmọ̀ tuntun rí ẹ̀bi, wọ́n sì yọ gómìnà lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá. Belgore, Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà, ní ìyànsípò Aladejana kò bófin mu. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ti kéde ìjọba pàjáwìrì ní Èkìtì.

Bàbá ò tíì ṣe tán. Ní 2020, NJC dábàá Akon Ikpeme fún ipò Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ Cross River, ilé aṣòfin kọ̀ ọ́. Ó di 2021 kó tó gorí àga. "Wọ́n dìídì kọ̀ ọ́ ni, kí wọ́n lè rí nǹkan gbà!" Ta ló sọ fún un? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Àwọn olóṣèlú ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí, òun kàn ń ṣe é ju ọ̀gá lọ ni.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín jẹ́ lọ́yà, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ pé ó ń retí ipò adájọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò ti fà á kalẹ̀, yóò sì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.