Ẹṣin Iwájú Há sí Sún Kẹẹrẹ Fà Kẹẹrẹ

Ìpàdé lórí ìpàdé ni wọ́n ṣe lórí ta ni yóò ṣíwájú. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò ni, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí owó ti tẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀. Àbúrò mi kan wà nínú wọn, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́. Ètò náà kò díjú. Lọ́sàn-án Sátidé, wọn yóò pàdé ní ilé epo kan n'Íkẹjà, wọn yóò tò tẹ̀lé ara wọn gba afárá Third Mainland lọ sí apá Lẹ́kì, níbẹ̀ ni wọn yóò ti fi alẹ́ du eré lórí gó-káàtì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣíwájú? Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ tuntun jù ni, àbí ẹni tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ń bú jù? Alága ní òun ṣáà ni alága. Akápò ní òun lòun san owó ọlọ́pàá tí yóò máa fọn fèrè.

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí aṣáájú bá ṣe rìn ni ọmọlẹ́yìn yóò ṣe rìn, kò ní ìtumọ̀ méjì. Àwọn àgbà kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí gbogbo ẹṣin yóò fẹ́ jẹ́ ti iwájú, tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà láti wo ìdí ẹlòmíràn.

Ẹṣin náà sì pọ̀. Láti ìgbà ayé James Watt ni wọ́n ti ń fi ẹṣin díwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 300 ẹṣin, tálákà ni. Ẹ wá wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹṣin tó dúró gbagidi lórí afárá tí Babangida ṣí lọ́dún 1990, lẹ́yìn dánfó kan tí táyà rẹ̀ bẹ́. Ọlọ́pàá fọn fèrè títí. Ta ni yóò yà, àfi ẹni tó bá fẹ́ yà sínú ọ̀sà? Gbogbo wọn tan tirafikétọ̀ méjèèjì, èyí tí a ń tàn kí aráyé lè mọ̀ pé mọ́tò ẹni ti kú sójú ọ̀nà. Wọn kò kúkú purọ́. Ọmọ tó ń ta omi tútù fẹsẹ̀ rìn kọjá ẹṣin iwájú, ó tún padà wá fún ẹṣin ẹ̀yìn ní ṣéńjì. Epo sì ń jó, epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní 2023, tó sì ti ń sún mọ́ 1,000 nígbà tí 2024 fi máa parí.

Ibi tó ti bí mi nínú nìyí: nígbà tí ọ̀nà là tán, wọ́n tẹ́ rẹrẹ gba gbogbo ojú títì, wọ́n ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ayàwòrán tó yọrí lórí òrùlé mọ́tò alága lè ya fídíò wọn. Ọ̀nà tí wọ́n fi owó ìlú ṣe! Aláboyún tó há sẹ́yìn wọn, ṣé òun náà san owó ẹgbẹ́ ni?

Ẹ sì wo ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jìyà. Gó-káàtì kò ju irin, ìjókòó kan àti táyà kéékèèké mẹ́rin lọ. Art Ingels ló kọ́kọ́ jó o pọ̀ ní California lọ́dún 1956, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé koríko ló gbé sí i. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń yá ènìyàn lónìí kò ju ẹṣin mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lọ, ẹbí ẹ́ńjìnnì tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa. Ènìyàn pa jẹnẹrétọ̀ nílé, ó gbé 500 ẹṣin jáde, ó lọ sanwó láti gun jẹnẹrétọ̀ ẹlòmíràn yípo!

Síbẹ̀, mi ò lè fi wọ́n ṣẹ̀sín tán. Orí nǹkan yìí ni àwọn ògbóǹtarìgì eré mọ́tò ti kọ́ṣẹ́, bí Ayrton Senna ní Brazil. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Lewis Hamilton nígbà tó bẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ mọ́ṣẹ́ kí owó rẹ̀ lè jáde. Ẹ́ńjìnnì dọ́gba, táyà dọ́gba. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó yẹ kó ti tẹ bíréèkì kó tó wọ kọ́nà, gbangba ni yóò hàn sí. Nígbà tí eré tiwọn bẹ̀rẹ̀, alága wọ kọ́nà àkọ́kọ́, ó yí bírí, ó kọjú sí àwọn tó ń bọ̀. Akápò lọ dì mọ́ táyà tí wọ́n fi ṣe ọgbà. Àbúrò mi ní bíréèkì tòun ni kò mú. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá mi ni.

Ta ló wá gba ipò kìíní? Mẹkáníìkì. Inú mọ́tò tó kẹ́yìn pátápátá ni wọ́n fi í sí, òun àti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, bóyá ẹṣin kan á dákú lọ́nà. Àyè kan ló ṣẹ́ kù tí wọ́n ti sanwó rẹ̀, ni wọ́n bá ní, “Ọ̀gá, ẹ wá bá wa ṣeré.” Wọ́n yá a ní bàtà, nítorí sílípáàsì ló wọ̀ wá. Ó dé akoto, ó sì ń kó wọn kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó máa kọjá alága lẹ́ẹ̀kejì, ó pariwo, “Ẹ má bínú, sà!”

Wọ́n ti ń ṣètò òmíràn. Òfin tuntun kan ti wà, ẹnikẹ́ni kò sì jiyàn lórí rẹ̀: ẹni tí kò bá ní mọ́tò tirẹ̀ kò gbọdọ̀ du ipò. Mẹkáníìkì ṣì máa bá wọn lọ o. Wọ́n ní kó máa dúró ti àwọn mọ́tò níta.