Búrọ́ọ̀ṣì Kò Tíì Fẹ̀yìn Tì

Ará Kánádà kan, Norman Breakey, ló gbé rólà ìkunlé jáde ní Toronto ní 1940, kí ọ̀dà lè yára kárí ògiri láìjẹ́ pé apá ń ro akunlé. Àwọn èèyàn rò pé búrọ́ọ̀ṣì máa kógbá sílé. Wọn ò dé Lotto ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Láti Ìbàfò títí dé Mowé, ọ̀ṣọ́ tó gbayì jù lára ilé kì í ṣe òdòdó, gbólóhùn kan ni, pupa fòò: “Ilé yìí kì í ṣe títà. Ṣọ́ra fún 419.” Rólà ò sì mọ̀wé kọ. Ilé tí kò tíì ní òrùlé, tí koríko ti gba pálọ̀ kan, ti ṣe ọ̀ṣọ́ yìí tán ní tiẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣòfin lòdì sí àwọn ajagungbalẹ̀ ní 2016, ṣùgbọ́n onílé gbà pé agolo ọ̀dà kan ló yẹ kó máa ti òfin lẹ́yìn. Ìjọba náà mọ iṣẹ́ ọnà: wọ́n á wá fa X gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn ọ̀hún, wọn kì í sì í gba owó iṣẹ́. Nínú gbogbo wọn, ẹni tó ń ta ọ̀dà pupa fún tọ̀tún-tòsì nìkan ló ti kọ́lé parí.