Ojú Rí I, Ẹsẹ̀ Kò Débẹ̀

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwọn tó pa òwe yìí mọ ìrìn. Láyé tiwọn, ojú kì í dá rìn. Ibi tí ẹsẹ̀ kò bá dé, ojú kò lè jẹ́rìí níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun fojú ba ọ̀rọ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí eruku ọ̀nà. Lónìí, ẹsẹ̀ wà nínú sílípáàsì ní Okokomaiko, ìyẹn Okoko wa l'Ékòó, ojú ti gbéra, ó ti gúnlẹ̀ sí erékùṣù tí apẹja kankan kò mọ̀nà rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ládùúgbò wa ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n kan jókòó, wọ́n ti fá orí rẹ̀ dé ìlàjì, ó ń búra pé erékùṣù kan wà lójú ọ̀sà tí òkú ti ń dáko fún alààyè. “Mo fojú ara mi rí i!” Onígbàjámọ̀ dáwọ́ dúró. “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ débẹ̀?” Ẹ̀gbọ́n bínú. “Ṣé mo ní mo débẹ̀ ni? Mo ní mo rí i!” Fíìmù ni. Apá kìíní àti apá kejì. Kò tíì rí apá kẹta, ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ bóyá wọ́n ti kórè.

Kí n má bàa fi ẹ̀gbọ́n wa ṣẹ̀sín jù, òyìnbó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Ní 1932, Victor Halperin darí fíìmù kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní White Zombie. Owó kékeré ni wọ́n fi ṣe é, nǹkan bí ọjọ́ 11 péré ni wọ́n fi yà á, wọ́n sì ń yá ilé àti ọgbà tí fíìmù mìíràn ti lò kù. Bela Lugosi ni oṣó inú rẹ̀. Ilẹ̀ Haiti ni wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn òkú ń yí ẹ̀rọ tí ń lọ ìrèké. Ọ̀kan já sínú ẹ̀rọ, àwọn yòókù kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn òǹwòran gbọ̀n jìnnìjìnnì, kí wọ́n relé, kí wọ́n gbà pé àwọn ti rí Haiti.

Lákòókò yẹn gan-an, sójà Amẹ́ríkà wà ní Haiti. Wọ́n débẹ̀ ní 1915, wọn kò kúrò títí di 1934. Àwọn sójà yìí ti fipá kó àwọn ará ìlú jọ láti la ọ̀nà, láìsanwó. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìgbowó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n. Kámẹ́rà kò yà wọ́n. Òkú ló tà.

(Ẹ jẹ́ kí n gbèjà òkú tiwa díẹ̀. Àkúdàáyà Yorùbá á kú ní Ìbàdàn, wọ́n á bá a ní Kánò, ó ń taṣọ, ó ti gbéyàwó. Bí ará ilé bá yọjú, á palẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó lè ní kó wá lọ ìrèké lọ́fẹ̀ẹ́.)

Àwa náà kò kẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà fíìmù Aiyé, tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1979, la ti mọ bí àjẹ́ ṣe ń jókòó sípàdé. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè ta ló ṣílẹ̀kùn fún kámẹ́rà. Ní 1992, Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde lédè Ìgbò, kásẹ́ẹ̀tì fídíò lásán. Andy fi ìyàwó rẹ̀ Merit ṣòògùn owó, ó lówó, òkú ìyàwó sì ń bá a kiri títí ó fi ya wèrè. Irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kún ọjà Alaba nítòsí wa bí ẹ̀wà ṣe ń kún àpò. Ó sì jọ pé ibi tí Andy ti ra mọ́tò ni àwọn kan wò dé. Nígbà tí wèrè máa bẹ̀rẹ̀, NEPA ti mú iná lọ. Ní 2024, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò kéde pé àwọn kò fẹ́ fíìmù tó ń gbé òògùn owó lárugẹ mọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yẹ ojú àwọn òǹwòran wò?

Okoko tiẹ̀ yẹ kó ti gbọ́n. Iṣẹ́ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ ní 2010, Okokomaiko ni wọ́n sì dárúkọ pé yóò parí sí. A rí ọkọ̀ ojú irin náà nínú àwòrán, ó ń dán. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023, Mile 2 ló dúró sí. Àfojúbà tiwa dé ṣáájú ọkọ̀.

Erékùṣù tó bani lẹ́rù kò sì jìnnà. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àgbádárìgì, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ ó fi dé Gberefu. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Àwọn afinimọ̀nà ní omi olóògùn ni wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu níbẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n tó dà wọ́n gba orí yanrìn lọ sétí òkun. Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn, ìròyìn ni, mo mọ̀. Òkun kì í ṣe ìròyìn. Láti etíkun wa yìí ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn dé oko ìrèké Haiti. Títí dòní, wọ́n ń bọ Ògún lọ́hùn-ún.

Mo bi ẹ̀gbọ́n onífíìmù bóyá ó ti dé Gberefu rí. Ó ti gbé Okoko fún ogún ọdún. Ó ní rárá, òun kò tíì rí fíìmù rẹ̀.